Àmì Inú Èèkù Ṣísẹ́lì

Ariwo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ kúrò láàárín wa. Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí sí Onitsha níbí, tí ẹ kò gbọ́ ju ìró jẹnẹrétọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ṣòro kí ẹ tó mọ irú ariwo tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ayùn ló ń jí wa ní àdúgbò wa. Á lọ, á bọ̀, á lọ, á bọ̀, bí ẹni tó ń hanrun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òòlù onígi á bẹ̀rẹ̀ sí í lu orí ṣísẹ́lì, kó, kó, kó. Kò dà bí òòlù irin tó ń gún etí. Ó rọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní àdúgbò náà lè wà lórí ẹní kó sì sọ fún ọ pé ihò ẹsẹ̀ àga ni wọ́n ń gbẹ́, tàbí pé ilẹ̀kùn ni.

Ó ti ń rẹ̀ mí báyìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí, bí mo bá sì sọ̀rọ̀ pẹ́, ọ̀fun mi á gbẹ. Àwọn tí à bá jọ máa rántí nǹkan wọ̀nyí ti lọ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti fi ẹnu ara mi sọ fún yín kí ẹ tó gbọ́ ọ níbòmíràn, nítorí ẹ̀bi rẹ̀, tèmi ni.

Bàbá mi, káfíńtà ni. Láti ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Onitsha kí wọ́n tó bí mi. Abẹ́ páànù kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ígbò kan tí gbogbo ọgbà àwọn káfíńtà ń pè ní Papa Nwakaego, ti ń ṣiṣẹ́. Nwakaego ni ọmọbìnrin rẹ̀. Ìyábọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí náà Papa Ìyábọ̀ ni òun náà ń pe bàbá mi. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá ń rẹ́ pákó, èkejì á di orí rẹ̀ mú. "Gbé e wá." "Òmíràn." "Ó ti wọ̀." Èdè Ígbò ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àfi bí bàbá mi bá gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló máa ń ké ní Yorùbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín pé, "Ẹ wá wò ó, igi ti rán an lọ sílé!"

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ wálé ló ń fẹ́ àga tuntun ní pálọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà á kún fún èérún pákó, àwa ọmọdé á ṣa èyí tó ká kóró, a ó fi ṣe yẹtí. Ní ọdún kan, àwọn méjèèjì sáré kan bẹ́ńṣì kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, gúlúù rẹ̀ kò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbé e lọ. Ní àárọ̀ Kérésìmesì, àwọn obìnrin akọrin jókòó, bẹ́ńṣì náà sì bá wọn jókòó sílẹ̀. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń jà sí i. "Ẹsẹ̀ tí Papa Ìyábọ̀ kàn ló yẹ̀." "Irọ́ ni, tìrẹ ló kọ́kọ́ jáde." Bí wọ́n bá ṣe ń bú ara wọn yìí ni wọ́n á máa fún ara wọn ní obì jẹ.

Lónìí, inú páálí ni àga ti ń wá. Ọmọ ọmọ mi ra ọ̀kan lóṣù tó kọjá. Ó tú u sílẹ̀, ó fi ìwé pélébé kan síwájú, ó ń yí ìdè inú ọ̀rá kékeré. Kí ó tó di ọjọ́ Sunday, àga náà ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò sẹ́ni tí a lè bú. Kò sẹ́ni tó kàn án.

Nínú gbogbo irin iṣẹ́ wọn, ṣísẹ́lì ni wọ́n ń tọ́jú jù. Irin pẹlẹbẹ ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, èèkù igi sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dá èyí tó ti pẹ́ mọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, níbi tí irin ti fẹ́ pàdé èèkù. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ máa ń tẹ àmì tirẹ̀ sí, bóyá orúkọ, bóyá orúkọ ìlú, bóyá àwòrán kékeré. Bí àwọn lẹ́tà náà bá wọ́, tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ọwọ́ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ rẹ̀ ti jìn nìyẹn. Bí wọ́n bá tò gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ni. Èyí tó jẹ́ ọ̀dà lásán, tí èékánná lè họ kúrò, ti àná ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sí oòrùn. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín kan, tí apá kan ṣú, tí apá kejì ń dán, irin méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, èyí tó rọ̀ àti èyí tó le. Wọn kì í ṣe wàhálà yẹn mọ́.

Àwòrán ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ló wà lọ́rùn ṣísẹ́lì bàbá mi, lẹ́tà márùn-ún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn lẹ́tà náà kí n tó lè kọ orúkọ ara mi. Mo máa ń fi bébà bò ó, n ó fi lẹ́ẹ̀dì ra orí rẹ̀ títí ìdákọ̀ró á fi jáde. Bàbá mi kò mọ̀wé kà. Á ní kí n kà á fún òun, bí mo bá sì ti kà á, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o gbọ́? Irin kò lè fi ohun kankan pamọ́ fún ọmọ yìí."

Ṣùgbọ́n àmì ilé iṣẹ́ kì í ṣe àmì olóhun. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn. Àwọn káfíńtà ọgbà wa ní àṣà kan. Bí ènìyàn bá ra ṣísẹ́lì tuntun, á kọ́kọ́ yọ èèkù rẹ̀, á fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn fa àmì ara rẹ̀ sí ìdí irin náà, ibi tó máa ń wọ inú igi, kó tó wá ti èèkù bọ̀ ọ́ padà. Ojú kì í rí i. Ara irin lè jẹ, èèkù lè fọ́ kí wọ́n fi òmíràn sí i, àmì inú wà síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í yọ èèkù ṣísẹ́lì ẹlòmíràn. Bí o bá yọ ọ́, olè lo pe onítọ̀hún níwájú gbogbo ọgbà. Èmi kò mọ gbogbo èyí, nítorí bàbá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rí. "Bíírò ni irin iṣẹ́ tìrẹ," ló máa ń wí. Báyìí ni mo ṣe dé yunifásítì láìmọ ohun tó wà nínú èèkù.

Nígbà tí nǹkan dàrú ṣáájú ogun, Papa Nwakaego ló gba bàbá mi nímọ̀ràn pé kó kó ìdílé rẹ̀ sọdá afárá lọ sílé. Bàbá mi gbé àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ títí òun á fi dé. Ogun jà, ọgbà náà jóná kanlẹ̀. Ìgbà tó parí tí a padà wá, Papa Nwakaego ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú igbó dé ni, gbogbo ara rẹ̀ ti di egungun. Ó ní àpótí náà bá ilé òun jóná. Bàbá mi dì mọ́ ọn níbẹ̀. "Irin ni," ó wí. "Ìwọ ni mo wá wò." Wọ́n wá páànù, wọ́n tún ta á sórí òpó, ayùn tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, ní ilé ìwé kan ní GRA. Mo wọ bàtà tó ń dán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo yà sí ọgbà, bàbá mi ti lọ wo pákó létí odò. Papa Nwakaego nìkan ló wà lábẹ́ páànù, ó ń gbẹ́ ihò sí ẹsẹ̀ tábìlì. Oòrùn bọ́ sí ọrùn ṣísẹ́lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí ìdákọ̀ró. Mo rí lẹ́tà márùn-ún.

"Papa Nwakaego, ṣísẹ́lì bàbá mi nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ?"

"Irin náà fúnra rẹ̀ ló sọ. Mo kà á."

Ayùn ẹ̀gbẹ́ wa dúró. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ sún fún un o, yunifásítì ti dé! Irin ti ń bá a sọ̀rọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì sọ mí di wèrè. Mo gbé ohùn sókè. Mo ní ṣebí ẹ ní àpótí jóná, báwo ni ohun tó jóná ṣe ń gbẹ́ tábìlì?

Papa Nwakaego kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ṣísẹ́lì náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó nà án sí mi, ó sì fi ọwọ́ kejì na òòlù.

"Gbà. Yọ èèkù rẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi èèkù ṣe? Irin ni mò ń wí."

"Ọmọ mi, mo ní kí o yọ ọ́."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Mo mọ̀wé kà, sà," mo wí. Ó fa ṣísẹ́lì náà padà, ó sì kọjú sí ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀. Mo rò pé mo ti borí ni.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé etí bàbá mi. Ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.

"O kà á?"

"Mo kà á, Bàbá."

"Gbogbo lẹ́tà rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ láìjẹun. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yẹn ti tó fún wọn. Kò sẹ́ni tó tún di orí pákó mú fún Papa Nwakaego, bẹ́ẹ̀ kò sí bí ẹnìkan ṣoṣo ṣe lè rẹ́ pákó gígùn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kó lọ sí Odekpe létí odò, ó ń di ihò ọkọ̀ ojú omi fún àwọn apẹja. Ọkùnrin tí àga rẹ̀ wà ní pálọ̀ àwọn ọlọ́lá.

Ìgbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á ló tó sọ ọ̀rọ̀ àmì inú èèkù fún mi. Ó ní ìlà mẹ́ta ni tòun. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi yọ ọ́ wò. Ó ní, "Bó bá jẹ́ tèmi, mo ti pàdánù ọ̀rẹ́ mi. Bí kò bá jẹ́ tèmi ńkọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Ìwọ sì ti kà á." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri. Papa Nwakaego náà kú láìpẹ́ sí i. Mi ò lọ síbi ìsìnkú.

Láti ìgbà náà, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n ti ṣe àṣìṣe. Odekpe kò jìnnà. Mo kọ́ àwọn ọmọ níwèé, mo fẹ̀yìntì, mo sin ìyàwó mi, mi ò lọ. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ pé bí omi bá fà.

Ní ìgbà òjò tó kọjá yìí, Nwakaego pè mí lórí fóònù. Àgbàlagbà ni òun náà báyìí, ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Omi ti ń gun àgbàlá wọn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì fẹ́ kó o lọ sí ilé rẹ̀ ní Obosi. Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ló ṣì ń sọ, kò sì mọ "ẹ" lò fún àgbà rí.

"Bọ̀dá, wá o. Àpótí Papa wà níbí. Wá mú tiyín kúrò nínú ẹ̀ kí n tó lọ. Mi ò ní gbé ohun olóhun wọ ilé ọmọ mi."

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹrẹ̀ pọ̀ débi pé oníkẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo bọ́ bàtà, mo fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ dé ẹnu ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ náà ń gbé bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀.

"Nnọọ," ni Nwakaego kí mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ìwọ yìí, tíṣà! Ẹrẹ̀ ti mú ọ."

"Ó ti mú mi, àbúrò mi."

Ó gbé àpótí wá sórí pẹpẹ nínú ilé. Ṣísẹ́lì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò àtijọ́ kan wé wọn, òróró ti gbẹ mọ́ aṣọ náà. Mo gbé ojú mi sún mọ́ wọn. Mo fi àtàǹpàkò nu ọrùn ti àkọ́kọ́, ìdákọ̀ró. Mo nu ti èkejì, ìdákọ̀ró. Mẹ́ta nínú wọn ló ní in, pẹ̀lú lẹ́tà márùn-ún kan náà. Ilé ìtajà kan ṣoṣo ló ń ta irin létí odò láyé ọjọ́ sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọgbà ti ń rà á, ojúlé kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ohun tí mo fi gbogbo ẹnu búra lé lórí, ó wà lára ti gbogbo ènìyàn.

"Èwo ni tiyín?" Nwakaego bi mí.

N kò ní purọ́ fún yín. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n mú ọ̀kan, kí n dúpẹ́, kí n máa lọ. Ó ti rẹ̀ mí, ta ni yóò tún bi mí? Ọ̀kan nínú wọn ni èyí ọjọ́ náà. Mo dá a mọ̀, èèkù igi gúáfà ló ní, ó sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bá mi wá òòlù," mo wí.

Ó dúró. Ọmọ káfíńtà ni, ó mọ ohun tí mo sọ. "O fẹ́ yọ ọ́?"

"Mo fẹ́ yọ ọ́."

"Nísinsìnyí?" Mi ò lè wo ojú rẹ̀. "Bọ̀dá, Papa kò yọ ọ́ fún wa wò títí ó fi kú. Ó ní ẹni tó pe òun lólè ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ lo sọ ńkọ́? Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ."

"Bá mi wá òòlù, Nwakaego."

Ó mú un wá. Mo fi ọwọ́ òsì di irin náà mú, mo lu ọrùn èèkù. Mo ṣì í lù. Mo tún lù ú. Nwakaego di orí irin náà mú fún mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èèkù náà bọ́ sílẹ̀. Ìdí irin ti dípẹtà. Nwakaego da kẹrosíìnì sára aṣọ, ó nù ún, ó tún nù ún, ó gbé e sí ojú ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ìlà méjì ni, wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú. Kò sí ìlà mẹ́ta níbẹ̀. Irin náà kò jẹ níbì kankan tí a lè fi sọ pé nǹkan ti parẹ́.

"Àmì Papa nìyí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ó wà lára ọ̀pá ìwakọ̀ wa. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí." Ó tún kó àwọn mẹ́ta tó kù síwájú mi. "Yọ gbogbo ẹ̀."

Mo yọ gbogbo rẹ̀. Àgbélébùú ni ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kì í ṣe tiwa," mo wí. "Kò sí èyí tó jẹ́ tiwa rí. Èmi ni mo ṣì í."

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó kọjú síta, ó pe ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ náà kí wọ́n gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Sọ ọ́ fún wọn," ó ní. "Ní Ígbò, kí ó yé wọn."

Mo sọ ọ́. Mo ní Papa Nwakaego kò mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Papa Nwakaego kọ́," ó wí. "Èmi ni Nwakaego. Òun ní orúkọ. Pe orúkọ rẹ̀."

Mo wá a ní orí mi títí. Abẹ́ páànù ọkùnrin yìí ni mo ti kọ́ ìrìn, mo lé e kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́?"

Ó ní, "Ezenwa."

Mo di etí pẹpẹ mú, mo nà ró bí ẹ̀yìn mi ṣe gbà mí. "Ezenwa ezughi ohi," mo wí. Ezenwa kò jalè. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ọmọ Nwakaego, tó jẹ́ ọmọ ọmọ Ezenwa, bọ́ fìlà orí rẹ̀.

Nwakaego ti àwọn èèkù bọ irin wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìdí wọn gún ilẹ̀ kí wọ́n lè wọlé dáadáa. Ó fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà wé wọn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbé e sẹ́yìn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò, ó kọ̀. Ó fúnra rẹ̀ gbé àpótí náà jáde, ó wọ iwájú ọkọ̀, ó gbé e lé itan.